Àmì Àtàǹpàkò Lójú Ìwé Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ewúrẹ́ karùn-ún kú láàárọ̀ àná. Ìyàwó àbúrò mi kò sí nílé mọ́ láti ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, wàá rò pé ara tù mí.

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ? Lẹ́tà olójú ìwé mẹ́rin tí mo kọ sí ọ nígbà tí ọdún ń parí lọ, ojú ìwé kan péré lo fi fèsì rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì dá lórí yàrá tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Mo ka iye ìgbà tí o béèrè àlàáfíà mi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá mi tọ́jú ewúrẹ́ mẹ́rìnlá tí mo ń sìn látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ kejìlá yẹn, mo jí lọ sí ọgbà wọn ní kùtùkùtù. Mo bá a níbẹ̀ tó ń bu nǹkan eléérú kan láti inú abọ́ sórí ewé tí wọ́n fẹ́ jẹ, ó ń wọ́n omi sí i, ó ń fi ọwọ́ pò ó. Bó ṣe rí mi báyìí, ó da aṣọ bo abọ́ náà. Méjì ti kú nínú wọn kí ó tó di ọjọ́ yẹn, àwọn tó kù sì ti gbẹ. Kí ni ènìyàn ń fi aṣọ bò bí kì í bá ṣe ohun tí kò fẹ́ kí ojú rí?

Mo pe olórí ẹbí àti àwọn àgbà méjì. A bi í léèrè lójú gbogbo wa bóyá òun ló ń bu nǹkan sí oúnjẹ ẹran. Ó ní, “Èmi ni, ọkọ mi.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá ti sọ pé òun ni, a kì í pe ẹlẹ́rìí mọ́.

Mo bu díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú abọ́ náà, mo dì í sínú ọ̀rá méjì, òun ni mo fi sínú àpò yìí. Oúnjẹ ẹran ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ rẹ. Bá mi wò ó bóyá májèlé ni. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Má pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ fóònù kò ní ojú ìwé tí a lè padà sí. Ojú mi ń ṣe bàìbàì sí i. Bí o bá rí awò tó dáa, fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìrọ́jú àwọn ẹran tó kú, ẹ kú làálàá ara àti ọkàn. Ẹ má bínú sí lẹ́tà olójú ìwé kan yẹn, mo jẹ̀bi. Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún? Báwo ni oorun yín? Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Eérú igi lásán ni, Bàbá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọ̀gá wa lọ jẹun ọ̀sán, nítorí a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara ẹni. Kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó béèrè, mo fẹ́ sọ fún yín pé wọ́n ti ya àpò náà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀rá méjèèjì tí ẹ dì í sí kò já.

Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ohun tí ẹ kò kọ. Kí ni wọ́n ń jẹ láti ìgbà tí koríko ti gbẹ? Ọjọ́ wo gan-an ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn márùn-ún náà kú? Ẹ máa ń wọ̀n wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù, ẹ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ bá mi ṣe àdàkọ rẹ̀, kó má ṣe àròpọ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá lẹ́yìn ìpàdé yẹn kí ẹ tó sọ fún mi. Ìyá Kékeré tí ẹ lé lọ yìí ló di irun mi fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Mọ́mì kú. Tó bá jẹ́ pé ẹ rò pé n kò ní fẹ́ gbọ́, òótọ́ lẹ rò. Níbo ló wà báyìí? Ta ló ń sùn nínú yàrá rẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní òwe agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Mi ò ní parí rẹ̀ sí yín lára.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á jókòó, mo tún dìde kà á. Mo ti rí àwọn lọ́yà tí kò da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí tó bí o ṣe dà á bò mí. Kò burú, ara mi le, orúnkún ń dùn mí nígbà òjò nìkan, òjò kò sì sí.

Ta ló ya àpò náà? Bí ọwọ́ bá ti lè wọ inú rẹ̀, ọwọ́ lè pààrọ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ bí o ṣe tètè dá a láre. Ṣé ó ti pè ọ́ ni? Mo mọ ìfẹ́ tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo dáhùn ìbéèrè rẹ nítorí pé n kò ní nǹkan tí mo ń fi pamọ́. Koríko tán ní àárín oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́yìn ògiri ni wọ́n ń jẹ. Èmi ni mo ronú kàn án. Igi náà kì í wọ́wé, tútù ló ń wà láti oṣù dé oṣù, bí a bá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ lónìí, òmíràn á ti yọ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Wọ́n ń jẹ ẹ́ yó. Èyí ló jẹ́ kí n fura: ikùn wọn yọ roboto, egungun ẹ̀gbẹ́ wọn sì ṣeé kà. Ẹran tí kò bá jẹun ló yẹ kó gbẹ. Èyí tó yó tó tún ń gbẹ, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Ti òṣùwọ̀n, n kò lè da gbogbo rẹ̀ kọ, ojú mi kò gbà á. Mo mú Alámì, abo tó ní tótòtó funfun, òun ni olórí wọn. Oṣù kẹwàá, kílò mẹ́rìnlélógún. Oṣù kọkànlá, mẹ́tàlélógún. Oṣù kejìlá, ogún. Oṣù kìn-ín-ní, méjìlélógún. Oṣù kejì, mọ́kàndínlógún. Oṣù yìí, méjìdínlógún. Méjì kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá. Mẹ́ta yòókù kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀njọ́ oṣù kìn-ín-ní, àti ọjọ́ kẹta oṣù kejì.

Mo ti mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní mẹ́ta nínú wọn kú lẹ́yìn tó ti lọ. Májèlé tó bá ti wọra kì í tètè jáde.

Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi iṣẹ́ awọ lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ fẹ́ ẹ, mo sọ fún un pé ẹni tó dàgbà láàárín òórùn yẹn kì í gbé e sílẹ̀ sílé bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Yàrá rẹ̀ ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Olórí ẹbí ní bó bá fi máa di ìparí oṣù kẹfà, kí a gbé yàrá náà fún ìbátan wa kan tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó tún máa so obìnrin náà mọ́ ilé yìí. Bí o bá ní ohun tó yàtọ̀ láti sọ, má ṣe pẹ́.

O kò dáhùn ọ̀rọ̀ awò.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Awò wà nínú àpò yìí, èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mú. Ẹ gbé e sórí ìwé, ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà á fi tóbi.

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: ní Sátidé tó kọjá mo pe fóònù ẹ̀gbọ́n Ìyá Kékeré. Wọ́n gbé e fún un. Ó béèrè bóyá mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo bi í nípa ewúrẹ́, ó ní, “Àwọn ọkọ mi ti dá ẹjọ́,” ó sì kí mi pé ó dàárọ̀ ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Òun kọ́ ló pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé igi yín fún yín. Ẹ rántí bí gúáfà àìpọ́n ṣe máa ń fún ahọ́n pọ̀, tí ẹnu á dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nù ún gbẹ. Ohun tó ń ṣe é wà nínú ewé àti èèpo igi púpọ̀, tánìnì là ń pè é níbí. Igi ló fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹran tó ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rí èròjà amúaradàgbà kó sì dì í mú. Itọ́ wa ní irú èròjà yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ. Oúnjẹ ewúrẹ́ náà ní in. Bó bá ti dì í mú nínú ikùn ẹran, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń bá ewúrẹ́ da oúnjẹ kò ní lè já a gbà, ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní rí i lò. Oúnjẹ á wọlé, ikùn á kún, èyí tó wúlò jù nínú rẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde.

Díẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi. A tilẹ̀ ń wá a fún àgùntàn níbí, nítorí pé bó bá mọ níwọ̀n, á dáàbò bo èròjà náà nínú ikùn àkọ́kọ́, á sì tú u sílẹ̀ níwájú níbi tí ara ti lè gbà á. Aràn inú kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ẹlẹ́gùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù márùn-ún, láìsí nǹkan mìíràn, kò mọ níwọ̀n. Bàbá, kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú ẹran tó yó tó ń gbẹ. Ewé ni.

Awọ ẹran náà, èròjà yìí kan náà ni. Tánìnì inú èèpo igi ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń dì í mú kó má bàa rà, òun ló di bàtà lẹ́sẹ̀ yín. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí awọ nínú kòtò ni igi yín ń ṣe sí oúnjẹ nínú ikùn ewúrẹ́. Eérú tí a pò mọ́ omi ló sì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èmi kà á nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n bí sí ìdí kòtò awọ kò nílò ìwé kó tó mọ ohun tó ń di nǹkan mú àti ohun tó ń tú u.

Ẹ wo òǹkà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Alámì fi kílò méjì sanra láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí eérú wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìyá Kékeré lọ, ó sọ mẹ́ta nù kí oṣù tó yí. Ta ló ń fún wọn ní májèlé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò mọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Eérú àpọ̀jù náà lè ṣe ẹran ní ibi. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu eérú, ìwòsàn ló ń ṣe. Bó bá ti ń bù ú ṣáájú ìgbà yẹn, mi ò lè dá a láre pátápátá láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ bi í.

Kí ẹ má bàa rò pé ìwé lásán ni mò ń kà fún yín, ẹ ṣe èyí fúnra yín. Ẹ bọ ewé igi náà, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sí ife méjì. Ẹ fi eérú sí ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ da funfun ẹyin tí ẹ ti pò mọ́ omi sí ife méjèèjì. Ẹ wá ẹlẹ́rìí kan.

Ẹ dá ewé náà dúró ná. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ewúrẹ́ kẹfà kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin. Lẹ́tà rẹ kò tíì dé nígbà náà, nítorí náà má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó dé, mo gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mọ́kànlá láìṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí, o lè kà á sí mi lọ́rùn. Inú ń bí mi pé o pè é.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ni mo pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ó béèrè bóyá òun máa búra. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun máa jókòó, nítorí ẹlẹ́rìí tí kò búra kò gbọ́dọ̀ dúró. Mo gbé ife méjèèjì sójú fèrèsé. Èyí tí kò ní eérú, bí mo ṣe da omi ẹyin sí i, ó dì lójú ẹsẹ̀, ó di wóró-wóró funfun, ó rì lọ sí ìsàlẹ̀ ife. Èyí tó ní eérú ti dúdú ju tẹ́lẹ̀ lọ. Mo da omi ẹyin sí i, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. A jókòó tì í fún wákàtí kan. Télọ̀ ní, “Bàbá Akọ̀wé, ife yìí kọ̀, kò jẹ́wọ́.” Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Mo dá ewé dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí nǹkan mìíràn tó pọ̀ tó láti fún wọn, òjò kò tíì rọ̀ dáadáa. Ni mo bá padà sí ewé náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu eérú sí i fúnra mi. Ní ọjọ́ kejì, atẹ́gùn gbé eérú láti inú abọ́ sí mi lójú méjèèjì. Mo wá aṣọ, mo da bo abọ́ náà. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo di etí aṣọ náà mú. Mi ò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ ṣì wà nílẹ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Mo rán télọ̀ sí i. Kò dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kí ènìyàn fura sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ náà ló ní o kò lè dá a láre.

Ni mo bá gbé awò rẹ sórí ìwé òṣùwọ̀n. O mọ̀ pé ní Sátidé ìwọ̀n, èmi ni mo máa ń ka òṣùwọ̀n tí mo sì ń kọ ọ́, òun ló máa ń gbé ẹran kọ́, tó sì máa ń fi àtàǹpàkò tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa ṣí i. Lójú ìwé oṣù kejìlá, àmì àtàǹpàkò eléérú wà ní igun ìsàlẹ̀. Ó wà lójú ìwé oṣù kìn-ín-ní náà, ó tilẹ̀ hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹwàá mọ́ nigín-nigín. Lójú ìwé oṣù kọkànlá, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rí bàìbàì. Ó lè jẹ́ eérú. Ó lè jẹ́ eruku. Mo ti wò ó títí omi fi ń jáde lójú mi.

O rí ohun tó wà níbẹ̀. Oṣù kejìlá ni wọ́n ti gbẹ tán, tí méjì sì ti kú. Bí eérú bá bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ìwòsàn ni. Bó bá jẹ́ pé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí Alámì ṣì jẹ́ kílò mẹ́tàlélógún, a jẹ́ pé mi ò ṣìnà pátápátá.

Mo gé ojú ìwé oṣù kọkànlá náà. Mi ò fi sínú lẹ́tà yìí, nítorí àwọn tó ń ya àpò. Mo fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí ibi iṣẹ́ rẹ, lọ́nà tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí wọ́n tó fún un. Sọ fún mi bóyá eérú ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí ojú yín. Ẹ má wò ó mọ́.

Lẹ́tà dé láìfarapa. Ojú ìwé kò tíì dé. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ fọkàn tán ni kò dé. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù fún gbogbo ilé iṣẹ́ wa, tábìlì kan ni, ènìyàn mẹ́rin ló ń dúró tì í ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń fọwọ́ síwèé. Bí ẹ bá ti fi sínú lẹ́tà ni, ì bá ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ lónìí.

Ohun mìíràn ni pé ọ̀gá wa ti mọ̀ nípa eérú àkọ́kọ́. Ó rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Kò pariwo, ó kàn ní kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀, láti orí Alámì dórí télọ̀. Ó kà á tán, ó ní tí ojú ìwé náà bá dé, kí n mú un wá fún òun, òun fúnra òun máa wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, á ní ẹlẹ́rìí. Eérú igi ní kán-ún nínú púpọ̀. Eruku, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ máa mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Ewé bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù kẹwàá. Kílò kan tí Alámì sọ nù kí oṣù kọkànlá tó dé, ewé tó láti ṣe é. Ẹ rí ife méjèèjì. Ẹ da aṣọ bo abọ́. Kí lẹ tún ń dúró dè? Ìparí oṣù kẹfà kò jìnnà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí èsì máa dé ni ìbátan yẹn máa gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọ yàrá Ìyá Kékeré. Ẹ lọ bá a fúnra yín. Ẹ má rán télọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo lọ. Mo kí ọ kí n tó máa bá a lọ. Mo rí i pé o ti ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Mo bá a ní etí kòtò awọ, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí èèpo igi títí dé ìgúnpá. Òórùn ibẹ̀ kò tó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó nu àpótí kan, ó ní kí n jókòó. Mo ní mo wá mú un lọ sílé ni. Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta.

Ó kọ́kọ́ béèrè Alámì. Mo ní ó ti padà sí kílò mọ́kànlélógún. Ó wo ìpéǹpéjú mi àti ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ ń bu eérú yẹn jù. Ẹ dín in kù.” Mi ò sọ fún un pé mò ń bu eérú.

Mo wá bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ti dé?” Télọ̀ ti sọ fún gbogbo ayé. Mo ní kò tíì dé. Ó ní, “Ìwé lẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé dé ná. Bó bá dá mi láre, ẹ wá kà á fún mi níbí, kẹ́ ẹ tún kà á fún àwọn tó jókòó dá ẹjọ́ lọ́jọ́sí. Bí kò bá dá mi láre, mo ti wà nílé bàbá mi.” Mo ní mo ti dárí jì í. Ó ní òun kò tọrọ ìdáríjì.

Mi ò mọ̀ bóyá ìgboyà ẹni tó mọ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, tàbí ìgbéraga ẹni tó mọ̀ pé ìwé lè má dé. Mo rò ó ní gbogbo ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rò bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn nílé ẹjọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

Mo ti sọ fún olórí ẹbí pé ẹjọ́ náà ṣì wà níwájú mi, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn kí ìdájọ́ tó jáde. Ó ní títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Nínú lẹ́tà mi ti ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, òwe kan wà níbẹ̀ nípa eérú. Fa ìlà pa á, kí o kọ ọjọ́ òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀.

Kọ ohun tí o bá rí, kódà bó bá jẹ́ èyí tí ìwọ kò fẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo lọ béèrè ojú ìwé náà níbi tí mo ti fi ránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé e dé ibi iṣẹ́ rẹ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, ẹnì kan sì ti buwọ́ lùwé gbà á. Ó yí ẹ̀rọ náà sí mi kí n rí i. Mo gbé awò lé e. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kà.

Ṣé ìwọ ni?

Bàbá rẹ.